Ta ni Lápité?

Lọ́dọọdún, bí a bá ti wo fíìmù Ṣaworoidẹ tán ní kíláàsì mi, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni Lápité? Ta sì ni Lágàta?" Orúkọ ọ̀gágun kan ni wọ́n ń retí. Àwọn lámèyítọ́ wa ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Wọn a fa ìlà sí àárín ìwé, wọn a kọ orúkọ ẹ̀dá-ìtàn sí apá kan, orúkọ aláṣẹ sí apá kejì, iṣẹ́ parí. Mo ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ìyẹn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣe é rí: ní 1964, nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Yorùbá Ronú jáde, wọ́n rí ara wọn nínú igbákejì tí ó da ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré náà ní gbogbo agbègbè wọn.

Ọdún 1999 ni Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ jáde. Abacha ti kú ní oṣù kẹfà 1998. Ó wá rọrùn láti sọ pé òkú ni ìtàn náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ìlú Jogbo dáadáa. Lápité kọ̀ láti sín gbẹ́rẹ́ tí ó so ọba, adé àti ìlù pọ̀. Ìbọn ni ó fi gba adé. Ojú àwọn ìjòyè ni ó ṣe. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n ń bá a pín owó àwọn agégẹdú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń jà fún igbó wọn sì ka ọba láyà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pe sójà. Lágàta kò já ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí i fún un ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti bá Nàìjíríà mu, kì í ṣe nínú awò dúdú ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Abacha gbàjọba ní oṣù kọkànlá 1993, ẹni tí ó bá Abíọ́lá díje gẹ́gẹ́ bí igbákejì di mínísítà rẹ̀ fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù kẹrin 1998, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba fọwọ́ sí ni ó fa ọ̀gágun kan ṣoṣo yìí kalẹ̀. Ọ̀dọ́ olùkọ́ ni mí nígbà náà. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì, mo gba owó oṣù mi nígbà tí ó bá yọjú, n kò sì sọ nǹkan kan. Èmi náà ní àga ní ààfin Jogbo.

Ìjà kan ṣoṣo tí mo bá òǹkọ̀wé náà jà ni pé ìlù ni ó pa Lágàta. Àwa kò ní irú ìlù bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, bí wọ́n bá bi mí pé ta ni Lápité, mo máa ń bi wọ́n padà pé ta ni àwọn ìjòyè. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní bàbá òun wà lára wọn. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.