Àwọn Ọmọ Faransé Tí Quebec Fi Sílẹ̀ Lẹ́yìn Odi

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ òmìnira Quebec bá tún gbérí ní ilẹ̀ Kánádà, ará ilé nìkan ni a máa ń bi léèrè bóyá kí wọ́n kúrò tàbí kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn tí Faransé jẹ́ èdè abínibí wọn ni ó ń gbé ní àwọn ìpínlẹ̀ Kánádà yòókù, ní Ontario, ní New Brunswick, ní Manitoba, títí dé Alberta. Nígbà tí a dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1980, tí a sì tún un dì ní 1995, kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ìwé ìdìbò.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1608 ni Samuel de Champlain tẹ ìlú Quebec dó. Ní 1759 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn náà ti fi èdè wọn àti Ìjọ Àgùdà ṣe odi yí ara wọn ká. Nígbà tí oko kò tó pín fún àwọn ọmọ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde. Láàárín 1840 sí 1930, nǹkan bí 900,000 ènìyàn ni ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní New England. Ọmọ irú wọn ni òǹkọ̀wé Jack Kerouac, tí a bí sí Lowell ní 1922. Faransé ni ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ìwé tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní ti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ àwọn aṣíkiri wọ̀nyí, orúkọ ìdílé nìkan ni ohun tí ó kù tí ó jẹ́ ti Faransé lára wọn.

Àwọn tí kò kọjá ààlà Kánádà pàápàá kò rọ́wọ́ mú. Ní 1890, ìjọba Manitoba mú Faransé kúrò lára èdè ìjọba. Ní 1912, Ontario pàṣẹ pé lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ. Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú onílùú rí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Síbẹ̀, ara kan náà ni ti ilé àti ti òde ka ara wọn sí, àfi ìgbà tí ó di oṣù Kọkànlá 1967, tí gbogbo wọn pàdé ní Montreal. Àwọn aṣojú Quebec fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ohùn kan sọ pé Quebec ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ọ̀nà tí yóò tọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣojú Ontario kọ̀. Ibẹ̀ ni okùn ti já. René Lévesque, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Parti Québécois sílẹ̀ ní 1968, tilẹ̀ pe àwọn ti òde ní òkú pẹ́pẹ́yẹ. Wọn kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe pé Lévesque kò mọ iṣẹ́. Òfin èdè tí ìjọba rẹ̀ ṣe ní 1977, tí ó ní kí ọmọ àlejò máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé, ni ó gba èdè náà là ní Quebec. Òmìnira kọ́ ni ó gbà á là, nítorí àwọn ará Quebec kọ òmìnira ní 1980 pẹ̀lú nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, wọ́n sì tún kọ̀ ọ́ ní 1995 pẹ̀lú ìwọ̀n tín-ín-rín, 50.58 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tí ó korò jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní 2015. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ilé ẹ̀kọ́ Faransé ní Yukon, ní ìhà àríwá jíjìn, gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pé kí wọ́n gba òun láàyè láti yan ọmọ tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìjọba Quebec yọjú sí ẹjọ́ náà, ẹ̀yìn ìjọba Yukon ni ó sì dúró sí. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ti Yukon bá rí i gbà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì inú Quebec yóò béèrè irú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé lè rí ọgbọ́n nínú èyí. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ti rí létí òbí kan ní Yukon, tí ó rò pé ará ilé ni yóò gbèjà òun?

Ohun tí àwọn ti òde rí gbà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbà á. Àwọn òbí ní Edmonton lo òfin ilẹ̀ Kánádà ti 1982, wọ́n sì jàre ní 1990 pé àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa nínú àkóso ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Ní 1997, nígbà tí ìjọba Ontario fẹ́ ti ilé ìwòsàn Montfort pa, níbi tí a ti ń fi Faransé tọ́jú aláìsàn ní Ottawa, Gisèle Lalonde, tí ó ti ṣe olórí ìlú Vanier rí, kó nǹkan bí 10,000 ènìyàn jọ láti kọ̀ ọ́. Ẹjọ́ náà parí ní 2001. Montfort kò tì, Faransé ni a sì ṣì fi ń kí aláìsàn níbẹ̀.