Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ó Rékọjá Òkun

Nígbà tí a kọ́kọ́ ta wáyà asọ̀rọ̀mágbèsì wọ ilé àwọn ará Èkó ní ọdún 1935, tí ti Ìbàdàn sì tẹ̀lé e ní ọdún 1939, púpọ̀ nínú ohun tí à ń gbọ́ láti inú àpótí náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Onílé kò lè yan ibùdó mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fèsì. Orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ ọ́ sì bá a mu rẹ́gí. Ní òde òní, ohùn ti ń gba ọ̀nà kejì. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lè fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ ní Ìbàdàn, kí ó sì fi WhatsApp dá a lóhùn kí ètò náà tó parí.

Ìgbì FM kì í rìn jìnnà. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé ohùn náà kọjá òkun. Áàpù bíi TuneIn, tàbí Radio Garden tí ó ti Netherlands wá, a máa kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùdó jọ sí ojú kan. Owó rẹ̀ kò pọ̀: bí ohùn bá ń wọlé ní kilobit 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan kò ju nǹkan bíi megabyte 29 lọ.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ́ni mọ èrè tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ tí a bí sí òkèèrè lè ka ìwé Yorùbá kí ó má sì mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ní ẹnu. Etí ni a fi ń kọ́ ohùn. Ọ̀pọ̀ òbí ń jáde níṣẹ́ lóru, agara a sì dá wọn, wọn a fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ sọ̀rọ̀; rẹ́díò kì í rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga ti England dá ẹjọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ orin Warner àti Sony pe TuneIn, ó sì ní kò tọ́ kí ó máa gbé ibùdó tí kò gba àṣẹ orin ní Britain fún àwọn olùgbọ́ ibẹ̀. Ní ọdún 2020 TuneIn mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdó òkèèrè kúrò níwájú wọn. Ní ọdún 2022 Radio Garden náà sé ọ̀nà. Báyìí ni Peckham, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ṣe wá ṣòro fún ohùn Ìbàdàn ju Houston lọ. Ohùn Lọ́ńdọ̀nù kò rí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń bọ̀ wá sí Èkó! N kò bá olórin jà, nítorí owó ọ̀yà tọ́ sí alágbàṣe. Ṣùgbọ́n ìròyìn, ewì àti ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ bá orin kú ikú kan náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè tí ọ̀rọ̀ yín ń dé etí àwọn gómìnà, ẹ bá wa wí fún àwọn tí ó ni ibùdó pé kí olúkúlùkù ní ẹnu ọ̀nà ti ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọn má ṣe gbẹ́kẹ̀lé ilé àlejò. Kí wọn gba ohùn àwọn ètò tí kò ní orin àwọn ẹlòmíràn nínú sílẹ̀, ìtàn, àlọ́, ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ nígbàkúgbà. Kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì dẹ́kun gbólóhùn tí orí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìrù rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọmọ òkèèrè ti ní Gẹ̀ẹ́sì tó.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń náwó lé. Ṣé owó tí ó ń fi ránṣẹ́ wálé ni a ń kọ̀?

Ọ̀rọ̀ aago náà ń bẹ. Ètò tí a ṣe ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ní Ìbàdàn bọ́ sí aago méjìlá òru ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àti aago mọ́kànlá alẹ́ nígbà òtútù. Bí a bá tún un gbé sáfẹ́fẹ́ ní aago kan òru wa, nígbà tí àwọn ará ilé ti sùn, yóò bá àwọn ọmọ Houston nídìí oúnjẹ alẹ́, ní aago méje tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.