Ẹ Má Tíì Ra Bátìrì Mìíràn fún Katakata Yẹn



Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, iṣẹ́ katakata dé nìyẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn Massey Ferguson àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wa máa ń kọ̀ tí wọn ò ní sítáàtì. Kíá, a ti sáré lọ ra bátìrì tuntun. Kò pẹ́, tuntun náà tún kú. Owó ajílẹ̀ ti lọ, a ò sì tíì túlẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má ra bátìrì láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ẹ̀rọ tó ń gba iná sí i wò. Bí ìkòkò omi ilé bá gbẹ, a kì í fọ́ ìkòkò. Ẹni tó ń pọnmi sí i la máa ń bi. Alternator ló ń pọnmi fún bátìrì.

Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò:

1. Fánbẹ́ẹ̀tì: Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín. Bó bá wọlé ju nǹkan bí ìdajì ínǹṣì lọ dáadáa, ó ti dẹ̀ nìyẹn.

2. Orí bátìrì: Bí ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bò ó, ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha á, kẹ́ ẹ dì í le. Wáyà tó lọ sára irin katakata ni ká kọ́kọ́ tú, òun náà ni ká dè kẹ́yìn.

3. Iná pupa ojú dáṣíbọọ̀dù: Bẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó tàn, bí ẹ́ńjìnnì bá sítáàtì, kó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹ wo gílóòbù rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ alternator, ibẹ̀ ni iná tó ń jí i gbà kọjá.

4. Mítà: Bátìrì 12 fóòtì tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ tẹná díẹ̀, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bí kò bá gòkè, bátìrì kọ́ ló ṣẹ̀. Bó bá ju 15 lọ, iná ti pọ̀ jù, omi inú bátìrì yóò máa gbẹ.

Ẹ má gbà kí riwáyà kankan tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó fẹ́ dán alternator wò. Ìyẹn lè ba inú rẹ̀ jẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹnìkan lè ní òun ò lówó mítà. Ṣebí owó bátìrì ju owó mítà lọ fíìfíì? Kí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò dáwó ra ẹyọ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta bátìrì náà, ẹ máa bi oníbàárà yín pé, "Ṣé ẹ ti yẹ alternator wò?" Ẹni tó bá ra ẹ̀ẹ̀mejì lásán, ẹ̀yin ló máa bú.

Bátìrì tó kú lóòótọ́, ká pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tí ebi ń pa, ká bọ́ ọ.

Ire oko á wọlé o.