Ìdí Tí Aláìsàn Ọpọlọ Fi Ń Pa Oògùn Tì

Nígbà tí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá ti ilé ìwòsàn dé, tí ó sì tún ń lọ sí oko, inú ará ilé a dùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ a ó gbọ́ pé ó ti pa oògùn tì, àìsàn sì ti padà. Ará ilé a wí pé, “Olóríkunkun ni.” Èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú irú wọn kò sì fara mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì mọ ohun tí oògùn wọ̀nyí ń ṣe. Láti ọdún 1952 tí a ti kọ́kọ́ fi chlorpromazine wo àrùn ọpọlọ ní ìlú Paris ni a ti ń rí i pé wọn a máa mú ara le, ọwọ́ a máa gbọ̀n, oorun a sì máa kun ènìyàn títí oòrùn yóò fi ga. Àgbẹ̀ wo ni yóò fi ọwọ́ gbígbọ̀n di ọkọ́ mú? Òmíràn a máa mú ebi pa ènìyàn gidigidi, nígbà tí oúnjẹ kò pọ̀ nílé. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ rí i pé ara òun ti dá, kò mọ̀ pé oògùn náà ni ó so àìsàn mọ́lẹ̀. Owó ńkọ́? Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń san án ní Nàìjíríà, láìka owó ọkọ̀.

Ní tèmi, àwa ará ilé ni ẹ̀bi pọ̀ sí lọ́wọ́. A kì í béèrè, ìbáwí ni ṣáá. Àwọn kan tilẹ̀ ń po oògùn mọ́ ẹ̀kọ ní ìkọ̀kọ̀. Ọjọ́ tí aláìsàn bá mọ̀, yóò kọ oògùn, yóò kọ ẹ̀kọ pẹ̀lú. Dókítà Lambo kò fojú kékeré wo ará ilé: nínú ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ìbátan ni ó ń bá aláìsàn gbé ní abúlé tí ó wà nítòsí.

Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Dókítà lè dín oògùn náà kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Fún ẹni tí ń gbàgbé, abẹ́rẹ́ wà tí agbára rẹ̀ ń wà lára fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí ẹ bá ń lo asofẹ́yẹjẹ, ẹ sọ ìyẹn náà, nítorí ewé tí ó ní agbára ni, kò sì yẹ kí a dà á pọ̀ mọ́ ti ilé ìwòsàn. Ẹ bá aláìsàn lọ ní ọjọ́ tí a dá fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tí oògùn ń ṣe sí i lára.