Ìròyìn Wo Ló Yẹ Ojú Ìwé Kìíní?

Nígbà tí ìjà Yorùbá àti Haúsá bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó wa, Ilé-Ifẹ̀, ní oṣù kẹta 2017, ojú ìwé kìíní ni àwọn ìwé ìròyìn gbé e sí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná. Ṣùgbọ́n “wọ́n ní, wọ́n ní” kò yẹ níbẹ̀. Al-Kùránì, Súrà 49, áyà 6, pàṣẹ kí a wádìí ìròyìn, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹlòmíràn níbi. Bí ìjà bá sì rọlẹ̀, tí ọjà tún ṣí, ojú ìwé kìíní náà ni kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó sá kúrò nílé, ìyẹn ni yóò fi mọ̀ pé òun lè padà.