Lẹ́tà Méje Lọ́wọ́ Ọmọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ eré Scrabble ni. Bí ènìyàn bá rìn ní Ọ̀fà ní ìrọ̀lẹ́ lásìkò ìsinmi, yóò rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n pagbo yí pátákó eré yìí ká bí àwọn bàbá wọn ti ń pagbo yí ọpọ́n ayò ká. Lẹ́tà méje-méje ni oníkálùkù ń kó síwájú, tí ó sì ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lè jáde nínú wọn. Fún wọn ní a, e, s àti t. Kí o tó ṣẹ́jú, wọn ti rí east, eats, seat àti teas. Èmi kò bínú sí wọn. Ọmọ Ọ̀fà tí ó fi ìjàkadì ṣe orò kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ìdíje kankan. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé bí o bá fún àwọn ọmọ yìí kan náà ní lẹ́tà Yorùbá mẹ́ta péré, wọn yóò máa wò ọ́ bí ẹni pé o ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò sí àní-àní pé orílẹ̀-èdè wa ti gbé eré náà dé ibi gíga. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 4 sí 0 nínú àṣekágbá, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbé kalẹ̀ ni felty, ó sì fi gba máàkì 36. Ta ni nínú wa tí ó ti gbọ́ felty lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí? Ibi tí eré náà ti yàtọ̀ sí èdè gan-an nìyẹn. Ìtò lẹ́tà ni wọ́n ń kọ́ sórí, wọn kò bèèrè ìtumọ̀. Ní ọdún 2015 yẹn kan náà, Nigel Richards láti New Zealand gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Ìwé ọ̀rọ̀ wọn ni ó kọ́ sórí. Ní ọdún 2024 ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn elédè Sípéènì. Ọpọlọ ọkùnrin náà pé, ta ni yóò jiyàn? Ṣùgbọ́n kí àlejò wọlé, kí ó fi èdè onílé na onílé, kí ó má sì lè bèèrè omi mu ní èdè ọ̀hún, ọ̀rọ̀ náà ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Yorùbá kò ní gbà fún un bẹ́ẹ̀. Mú i, gb àti a. Igba jẹ́ òǹkà, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, ìgbá ń so lóko, igbà sì ni ọkọ́pẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ márùn-ún. Báwo ni ẹni tí kò gbọ́ èdè yóò ṣe mọ èyí tí òun gbé kalẹ̀? Orúkọ ìlú wa pàápàá wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí ó bí Ọ̀fà ni ó bí ọfà tí ọdẹ ń ta. Bí o bá sì yí wọn padà, wọn di àfọ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ ń yíràá nínú rẹ̀ (kí Ọlọ́fà má bínú sí mi o). F kan ṣoṣo ni mo sì kà, n kò ka f méjì tí wọ́n ṣì ń kọ sára pátákó ojú ọ̀nà lẹ́yìn gbogbo wàhálà àkọtọ́ 1974.

Èrò mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa ṣe pátákó ti Yorùbá. Kí a má kàn fi báírò fi àmì sábẹ́ e àti o tí ó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí kí ni a fẹ́ fi c, q, v, x àti z ṣe? Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930, jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹyọ. Ìdí nìyẹn tí e fi jẹ́ 12 nínú ẹyọ 100, tí q àti z sì jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fáwẹ́lì 42 péré ni ó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò lè tó wa, nítorí kọ́nsónáǹtì wa kì í tẹ̀ lé ara wọn gìrọ́gìrọ́ bíi tiwọn. Ní ti gb, ẹyọ kan ni kí ó jẹ́. Àwọn ará Wales ní ẹyọ kan fún dd wọn, àwọn elédè Sípéènì náà ní ti ch.

Àmì ohùn ni mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa yóò torí rẹ̀ bá mi jà. Bí a bá kọ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí fáwẹ́lì méje, ó di oríṣi 21, kò sì sí ẹni tí yóò rí ọ̀rọ̀ tò mọ́. Mo ní kí a fi àmì abẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ, ọ àti ṣ, torí lẹ́tà ni wọ́n, kí a sì fi ohùn sí ẹnu ẹni tí ó ń ta. Bí o bá to i-gb-a, pè é sókè, kí o sọ ohun tí ó jẹ́. Bí o kò bá lè sọ ọ́, kó lẹ́tà rẹ.

Òfin kejì ni pé ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn tí ń ta ti Gẹ̀ẹ́sì ń fi òógùn ojú kọ́ ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì tí ó lé ní 120 sórí. Ní tiwa, kọ́nsónáǹtì 18 pàdé fáwẹ́lì 7, ó di 126, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọmọdé ń sọ lójoojúmọ́. Bí a bá gbà wọ́n láàyè, eré ti bàjẹ́.

Ó ku ẹni tí yóò dájọ́. Ìwé atúmọ̀ èdè Abraham ti 1958 dára, ṣùgbọ́n bí ọmọ Ọ̀fà bá gbé ọ̀rọ̀ Ìbọ̀lọ́ kalẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ńkọ́? Èmi yóò gbà á, bí ẹni méjì tí ó jókòó níbẹ̀ bá mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ kíkà lẹ́tà ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fara mọ́ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ojú ewé kan, kí ó ka lẹ́tà rẹ̀ láti orí a dé y, kí ó sì kó o wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.