Ẹ Kọ Irú Àkọtọ́ Tí Ẹ Lò Síwájú Ọ̀rọ̀ Yín

Yorùbá, NG.

Láti Soclogbo, láàárín àwọn òkè Dassa, ni mo ti ń kọ̀wé sí ẹ̀yin ará mi ní ìhín àti ní ọ̀hún ààlà. Ẹ má fojú fo ìlà kékeré tó wà lókè yẹn o. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi papò dà. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìkéde ìsìnkú. Mo kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, pẹ̀lú ɛ àti ɔ, pẹ̀lú sh àti kp, mo sì fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wa ní Abẹ́òkúta. A retí wọn títí, a ò rí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a ti sin bàbá ni wọ́n tó pè. Wọ́n ní àwọn rí ìwé náà, ṣùgbọ́n àwọn rò pé èdè Fọ̀n ni, àwọn ò kà á. Wọ́n sunkún lórí fóònù. N kò lè bínú sí wọn. Yorùbá ni mo kọ, ojú wọn ni kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ní kọ̀ǹpútà, tí àwa tó kàwé ní Faransé ń pè ní ordinateur. Nígbà tí a dé orí bí a ṣe ń wo ohun tó ń gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, mo rí i pé irú ìṣòro wa yìí ti bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí, wọ́n sì ti rí ọ̀nà gbé e gbà.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí. Ohunkóhun tí ẹ bá fi fóònù ránṣẹ́, ẹ̀rọ a gé e sí wẹ́wẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni à ń pè ní pákẹ́ẹ̀tì. Kí pákẹ́ẹ̀tì tó lè ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan dé ọ̀dọ̀ èyí tó múlé tì í, a máa ń fi àkọlé sí iwájú rẹ̀. Bí ó bá gba ojú wáyà Ethernet, báìtì 14 ni àkọlé náà: 6 fún ẹ̀rọ tó ń lọ bá, 6 fún ẹ̀rọ tó ti wá, 2 láti sọ irú ẹrù tó wà nínú. Bí ó bá jẹ́ Wi-Fi, àkọlé rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Àwọn pákẹ́ẹ̀tì mìíràn sì wà tí kò ní irú àkọlé yìí rárá.

Àwọn tó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe máa ń da àwọn pákẹ́ẹ̀tì yìí kọ sínú fáìlì, kí wọ́n lè wá ibi tí àléébù wà. Irinṣẹ́ kan tó lókìkí fún iṣẹ́ náà ni tcpdump, tí Van Jacobson, Craig Leres àti Steven McCanne kọ́kọ́ ṣe ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California. Pcap ni wọ́n ń pe fáìlì rẹ̀. Báìtì 24 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kí pákẹ́ẹ̀tì kankan tó dé. Nínú 4 tó kẹ́yìn nínú wọn ni nọ́ńbà kan wà tó ń sọ irú àkọlé tí àwọn pákẹ́ẹ̀tì náà gbé wá. 1 ni ti Ethernet, 105 ni ti Wi-Fi.

Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣìnà ńkọ́? Ẹ̀rọ ò ní dákẹ́. Bí ẹ bá sọ fún un pé Ethernet ni, tí kò sì sí àkọlé Ethernet níbẹ̀, yóò ka báìtì 14 àkọ́kọ́ bí àkọlé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti àárín. Kò sí báìtì kan tó sọnù, síbẹ̀ ìsọkúsọ ni yóò máa kà jáde.

Èyí tó jọ tiwa jù lọ nìyí. Àwọn pákẹ́ẹ̀tì tí kò ní àkọlé ìsopọ̀, RAW ni wọ́n ń pè wọ́n. Nọ́ńbà 12 ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà fún un, OpenBSD ní tirẹ̀ fún un ní 14. Ohun kan náà, orúkọ kan náà, nọ́ńbà méjì. Àwọn tó ń bójú tó tcpdump kò ní kí ẹnikẹ́ni ju tirẹ̀ nù. Kálukú ń lo tirẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n nínú fáìlì tí ará ìta lè kà, 101 ni kí gbogbo wọn kọ. Wọ́n tún ya 147 sí 162 sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dá tirẹ̀ lò láàárín ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ jáde sí gbangba yóò béèrè nọ́ńbà, yóò sì ṣàlàyé bí àkọlé rẹ̀ ṣe rí, kí ẹlòmíràn lè kà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní 1975 ni ìgbìmọ̀ èdè ní Bẹ̀nẹ̀ to álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè ilẹ̀ wa, tí Yorùbá wà lára wọn. Ẹni tó bá ti fi ɛ àti ɔ ka Fọ̀n, àwọn náà ni yóò fi ka Yorùbá. Ti Nàìjíríà ti wà láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ìwé tí wọ́n sì ti fi kọ kò lóǹkà. Ìdí tó dára wà lẹ́yìn méjèèjì.

Àwọn kan ní kí a pa ọ̀kan rẹ́. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí ìjọba méjèèjì tó jókòó sórí ọ̀rọ̀ yẹn, òkú mélòó la ó ti sin láìsí ẹbí nídìí rẹ̀? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná ẹnikẹ́ni lówó: ẹ kọ "Yorùbá, BJ" tàbí "Yorùbá, NG" sókè ọ̀rọ̀ yín. Kò sí lẹ́tà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà "Yorùbá" tó yàtọ̀ nínú àkọtọ́ méjèèjì, gbogbo wa la lè kà á. Ẹ̀yin tó ń ṣe ojú ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmì tiyín ti wà nílẹ̀: yo-BJ àti yo-NG. Àwọn onímọ̀ Unicode pàápàá ya Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àkójọ wọn. Ẹ má kọ yo lásán mọ́.

Àmọ́ àmì nìkan kò tó. Ẹ̀rọ tó rí 105 gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ka 105. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ sójú pátákó ní kíláàsì mi: ɛ ni ẹ, ɔ ni ọ, sh ni ṣ, kp ni p. Ọmọ tó ń kàwé ní Faransé, bó bá rí "ìpàdé", p ti Faransé ni yóò fi kà á, àfi bí a bá sọ fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ lápá Nàìjíríà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìlà mẹ́rin yìí sójú pátákó tiyín náà.

Ìdàáṣà wa ńkọ́? Òun ló dà bí 147 sí 162. Ẹ má jẹ́ kó kú nínú ilé. Bí ó bá máa jáde, ẹ sọ pé Ìdàáṣà ni, kí ẹ sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó bá lè ṣòro fún àlejò.

Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan bàbá, èmi náà ni mo tún kọ ìkéde. Ɛ àti ɔ ni mo fi kọ ọ́, n kò yí lẹ́tà kan padà. Mo kàn kọ "Yorùbá, BJ" sókè rẹ̀, mo sì to ìlà mẹ́rin yẹn sísàlẹ̀. Àwọn ará Abẹ́òkúta dé ní ọjọ́ kejì ọ̀la ìrántí gan-an, wọ́n tètè dé kí wọ́n lè bá wa dáná.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èrò yín o. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ àmì yín síwájú.